Àwọn Tí Ẹ Dorí Wọn Kodò

Bàbá mi, ọlọ́wọ́ jẹ́jẹ́,

Ìbọn yín ti wà lórúkọ mi báyìí. Ìwé rẹ̀ dé láti Behörde, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní àṣẹ ìbọn, ní ọ̀sẹ̀ tí òjò ò fẹ́ dá mọ́ yẹn. Kí wọ́n tó fún mi, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá wo kọ́bọ́ọ̀dù irin tí ẹ ń tì í mọ́. Wọ́n fọwọ́ tì í, kò mì. Obìnrin náà béèrè ẹni tó kàn án mọ́ ògiri. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní iṣẹ́ náà dára, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ mọ̀ pé ó wà lákọsílẹ̀ níbì kan ní Hamburg pé iṣẹ́ ọwọ́ yín dára.

Ìròyìn tó kù kò pọ̀. Mo ti fi iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí mò ń ṣe ní Schöneberg, ní Berlin, sílẹ̀, mo ti padà sí Wilhelmsburg ní Hamburg, sínú ilé wa. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin S-Bahn. Màámi ti kó lọ sí Berlin, sọ́dọ̀ Àǹtí Bísí àbúrò wọn, ní Hellersdorf. Wọ́n ní ilé yìí ti dákẹ́ jù. Lójú tèmi, ó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin la jọ máa ń dákẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ki katiriji ṣì wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, apá rẹ̀ sì ṣì ń dún nígbà tí ó bá dé ìdajì. Mo ti lọ sí kíláàsì ẹ̀tù tí ìjọba ń béèrè. Mo yege, wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ tèmi. Èmi nìkan lobìnrin níbẹ̀. Olùkọ́ wa béèrè ibi tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí ẹ̀tù mú, nítorí mi ò gbọ̀n ọ́n. Mo ní nílé ni.

Àwọn yòókù ní Verein, ẹgbẹ́ ayìnbọn yín, ṣì ń ra katiriji láti ilé ìtajà, èyí tó ń ta èèyàn nípàá bí ẹṣin. Ẹ̀yin ò fẹ́ ẹ. Ẹ ní èjìká yín ti jìyà tó lábẹ́ ẹrù ọkọ̀ òkun, kò tún yẹ kí ẹ máa sanwó kí ìbọn wá gbá a. Òjé lẹ máa ń yọ́ fúnra yín, èyí tí àwọn oníṣẹ́ táyà bá kó fún yín. Ẹ ń dà á sínú mọ́ọ̀dù, ẹ ń dúró kó dì, ẹ ń lu mọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú igi, ọta á jábọ́ sórí aṣọ ìnura, á máa dán bí ẹja kékeré. Òrí àti ìda oyin lẹ ń pò pọ̀, tí ẹ fi ń pa wọ́n lára. Ẹ̀tù tí ẹ ń bù sí i kò pọ̀. Ọta yín máa ń lọ bí ẹni tó ń lọ kí ará ilé. Tí ẹ bá fa irin abẹ́ ìbọn náà sísàlẹ̀ tí ẹ dá a padà, kòròfo á fò jáde, òmíràn á wọlé, gbogbo rẹ̀ láìsí ariwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè yín ní „der Leise“ níbẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì ń pè yín bẹ́ẹ̀?

Ohun kan wà nínú ẹ̀tù díẹ̀ yẹn tí ẹ kọ́ mi kí ẹ tó kọ́ mi ní ohunkóhun. Tí ẹ̀tù bá kún kòròfo, tí èèyàn bá ṣèèṣì dà á lẹ́ẹ̀mejì, á dà sílẹ̀, ojú á rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tiyín kéré débi pé àyè ṣì wà fún òmíràn lórí rẹ̀. Kòròfo á gba méjì, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá yìn ín ni ìbọn máa fọ́ mọ́ lójú. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọta dé e, ẹ máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòròfo kọ̀ọ̀kan, ẹ óò di ojú kan, ẹ óò wò ó bí dókítà tó ń wo etí ọmọ. Èyí tó bá dá yín lójú, ẹ óò gbé e dúró nínú páálí, orí ọta lókè. Èyí tí kò bá dá yín lójú, bóyá ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, bóyá fóònù dún, tí ọta sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó rántí, ẹ óò dorí rẹ̀ kodò. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ óò padà tú u. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ̀ ń fìyà jẹ wọ́n ni, bí wọ́n ṣe ń ní kí ọmọ iléèwé fẹnu kan ilẹ̀. Mo máa ń bá wọn bẹ̀ yín. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò ṣàlàyé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù kan. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Olúọdẹ, pè mí láti ilé. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í kí èèyàn tí ọ̀rọ̀ bá ń gbóná lẹ́nu wọn.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti yìn ín?”

“Kí ni, sà?”

“Ìbọn bàbá rẹ. Ọdẹ kì í lọ kí ìbọn rẹ̀ má dágbére. Àbí Jámánì ti gbàgbé ìyẹn náà?”

Mo ní òfin ò gbà kí èèyàn yìnbọn sójú ọ̀run níbí.

“Ta ló dárúkọ ojú ọ̀run? Ṣé kò síbi tí wọ́n ti ń yìn ín ni?”

“Ó wà, sà. Ó ní ilé kan tí wọ́n kọ́ fún un.”

“Wọ́n kọ́lé fún ìbọn yíyìn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. “Ó dáa. Ibẹ̀ náà ni igbó yín. Lọ yìn ín níbẹ̀.”

“Obìnrin ni mí, sà.”

Mo gbọ́ ìró ewúrẹ́ lẹ́yìn wọn.

“Ṣé o mọ̀ ọ́n yìn?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“O mọ̀ ọ́n ju àbúrò mi lọ?”

“Rárá o, sà.”

“Irọ́ lò ń pa. Ó ti sọ fún mi.”

Kí nìdí tí ẹ ò fi sọ fún èmi?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi òfin rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀tù tí ọdẹ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kì kẹ́yìn ni àkọ́bí rẹ̀ ń yìn. Bó ṣe fi í sílẹ̀ ni wọ́n ń yìn ín. Ẹnikẹ́ni kì í tú u wò, torí ẹni tó bá tú u wò ti sọ pé ọwọ́ olóògbé kò dá òun lójú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ṣe nígbà tí bàbá yín lọ: ìbọn ṣakabùlà wọn wà lára ògiri pẹ̀lú ẹ̀tù nínú, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Mi ò sọ fún wọn pé katiriji kì í ṣe ṣakabùlà. Mo ní mo gbọ́, sà.

Páálí yín ìkẹyìn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin, ní apá ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọta sí. Ẹ ti fi téépù dúdú wé e yípo. Mo gbé e, mo rí bó ṣe wúwo tó, mo dá a padà. Mo bá Horst tó ń bójú tó ilé ìyìnbọn ní Verein sọ̀rọ̀, ó fún wa ní àárọ̀ Sátidé kan kí àwọn èrò tó dé. Mo ṣàlàyé fún un pé ìdágbére ni. Ó fọwọ́ họ irùngbọ̀n, ó ní ìdágbére tó dáa jù tí òun ti gbọ́ nìyẹn, pé bíà nìkan ni wọ́n mu fún bàbá tòun.

Ó wá ku Màámi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin láti lọ pè wọ́n fúnra mi, torí lórí fóònù wọn á kàn ní rárá ni.

Wọ́n ń se ọbẹ̀ nígbà tí mo dé. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n gé àlùbọ́sà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó, mo gé àlùbọ́sà, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

“Ìbọn? Fún òkú onígbàgbọ́?” Wọ́n fi ṣíbí kan ìkòkò. “Àdúrà la fi ń sin Kristẹni.”

“A ti gba àdúrà yẹn, Màámi. Gbogbo ìjọ ló wá. Ẹ̀yin lẹ gbé àbẹ́là.”

“Bàbá Olúọdẹ ló rán ọ.”

“Àwọn ni, mà.”

“Mo mọ̀. Bàbá yẹn ò ní sinmi.” Wọ́n jókòó sórí àga tó kọjú sí mi, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n fa agolo kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan inú rẹ̀ pa orúnkún.

Mo mọ agolo náà. Agolo bísíkíìtì aláwọ̀ búlúù yín ni, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú.

“Màámi, níbo lẹ ti rí ìyẹn?”

“Lórí tábìlì bàbá rẹ. Òrí rẹ̀ ni. Òrí tí ìwọ fúnra rẹ rà ní Schöneberg tí o fi ránṣẹ́.”

“Ti ọta ni, mà. Ó ti po ìda mọ́ ọn. Ọta ló ń fi pa.”

“Ẹn-ẹ́n? Kò burú. Látìgbà tí mo ti ń fi í para, orúnkún mi ò dún mọ́.” Wọ́n wò mí lójú. “Ọta tiẹ̀ náà kì í sáà dún.”

Mo ní kí wọ́n máa fọ ọwọ́ dáadáa kí wọ́n tó jẹun, torí ìka tó kan òjé ni ẹ máa ń tì bọ inú agolo yẹn. Wọ́n ní ọwọ́ tí wọ́n fi tọ́ mi kò pa mí. Àmọ́ wọ́n dìde, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n tún un fọ̀. Nígbà tí wọ́n rò pé mi ò wò wọ́n mọ́, wọ́n gbé agolo náà sí imú.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Mo bù ú, mo wá béèrè bóyá wọ́n ti kọ́kọ́ fi sí i. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“O ti ń di bàbá rẹ. Ó kúkú dáa tí ìwọ béèrè. Òun kì í béèrè. Ní ìgbẹ̀yìn yẹn, gbogbo ọbẹ̀ tó bá sè, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń fi iyọ̀ sí i. Á fi sí i, á yí padà, á tún fi sí i. Mo kàn ń jẹ ẹ́ ni, mo ń mu omi sí i.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Kí n sọ kí ni? Pé ọkọ mi ń gbàgbé iyọ̀? Oògùn ìrora yẹn ló ń kùn ún lóorun. Ìwọ wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn òyìnbó.”

“Ìgbà wo nìyẹn, Màámi?”

“Ìgbà tó tún jókòó ti ẹ̀rọ ọta rẹ̀ yẹn ni. Mo ní kó lọ sùn, ó ní ó ku díẹ̀.”

Iyọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dà á padà sínú ike rẹ̀.

Màámi ní àwọn á wá. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ìbọn o, pé àwọn fẹ́ wo ilé ni, bóyá mò ń gbá a. Kí n tó lọ, wọ́n bu òrí agolo náà díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan fún mi. Wọ́n ní kí n má fi pa ọta, kí n fi pa ara.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo rò ó láti Berlin títí dé orí afárá odò Elbe ní Hamburg. Tí mo bá yin àwọn katiriji yín bí Bàbá Olúọdẹ ṣe wí, láìtú wọn wò, ọ̀kan nínú wọn lè ti gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì bí ọbẹ̀ ṣe gba iyọ̀. Màámi máa dúró lẹ́yìn mi. Tí mo bá sì tú wọn wò, mo ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe, mo ti sọ pé ọwọ́ bàbá mi kò dá mi lójú. Kò sí ọ̀nà kẹta. Mo wá a. Mi ò pe Bàbá Olúọdẹ, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kí n tún wá ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí mi ò bá rí, mi ò mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti dé orí tábìlì, mo ya téépù náà.

Ìlà àkọ́kọ́ dúró, orí ọta wọn lókè. Ìlà kejì dúró dé ìdajì. Láti ibẹ̀ lọ, orí kodò ni. Orí kodò, orí kodò, títí dé igun páálí. Ọ̀kan péré ló tún dúró láàárín wọn, bí ìgbà tí oorun dá lójú èèyàn fún ìṣẹ́jú kan.

Mo jókòó, mo wò wọ́n. Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn pé ọwọ́ yín kò dá yín lójú mọ́. Ẹ kì í ṣe ẹni tó máa sọ ọ́ lẹ́nu. Kí ló dé tí ẹ ò tú wọn? Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni? Ṣé ẹ ń rò pé ara á tún le?

Mo kó àwọn tó dorí kodò lọ sí Keller, yàrá abẹ́ ilé, pẹ̀lú òòlù ike yín, èyí tó ń gba katiriji sínú ikùn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin lẹ fi hàn mí: a ó gbá a mọ́ ilẹ̀, ọta á jáwọ́, ẹ̀tù á tú sínú ikùn òòlù. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ wá yọjú pé kí ni mò ń kàn. Mo ní mi ò kan nǹkan kan, mò ń tú nǹkan ni. Mo kó wọn padà sókè. Mo gbé ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Ó pé. Ó pé. Ó pé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹ kàn fura sí ara yín lásán ni, inú mi sì fẹ́ máa bí sí yín díẹ̀, pé ẹ jẹ́ kí n tú iṣẹ́ yín ìkẹyìn láìnídìí. Ó pé. Ó pé.

Ó wá kan ọ̀kan tó jẹ́ méjì.

Mo tún un wọ̀n. Méjì ni. Mo da ẹ̀tù náà sínú àwo lọ́tọ̀, mo wọn àwọn tó kù, wọ́n pé. Mo fọ ọwọ́. Mo jẹ búrẹ́dì. Mo ro ibi tí Màámi máa dúró sí ní Sátidé, mo rí i pé ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló máa wà láàárín wa.

Mo wá pe Bàbá Olúọdẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: iyọ̀, téépù, àwọn tó dúró àti àwọn tó dorí kodò, ọ̀kan tó jẹ́ méjì. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ti tú ohun tí ọdẹ kì sílẹ̀.

“O ní òun fúnra rẹ̀ ló dorí wọn kodò?”

“Àwọn ni, sà.”

“Òun ló tú u nígbà náà. Kì í ṣe ìwọ. Ìwọ kàn bá a parí rẹ̀ ni.” Wọ́n fọn imú. “Èyí tó ní kó dúró ńkọ́?”

“Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n.”

“Má fọwọ́ kàn wọ́n.”

Ní Sátidé, Màámi dé láti Berlin pẹ̀lú Bíbélì àti ẹyin sísè nínú báàgì, bí ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sí ìlú tí kò sí oúnjẹ. Horst fún wọn ní ìbòtí. Wọn ò ṣí gèlè, wọ́n fi í lé orí rẹ̀. Horst ní kò ní bo etí dáadáa. Wọ́n fi èdè Jámánì wọn dá a lóhùn pé ọkọ àwọn kì í pariwo. Bàbá Olúọdẹ wà lórí fóònù, Màámi ló gbé e dání, ojú wọn kún inú rẹ̀ débi pé iwájú orí nìkan là ń rí.

Mo ki àwọn tó dúró ní ìlà àkọ́kọ́ àti ìdajì ìlà kejì sínú ìbọn. Mo yìn wọ́n. Mo fa irin náà sísàlẹ̀, mo dá a padà, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, láìsáré. Lẹ́yìn èkíní, Bàbá Olúọdẹ pariwo.

“Ó tó, ó tó, ẹ dúró ná! Ṣé ìbọn nìyẹn ni, àbí ẹnì kan ló ti ilẹ̀kùn?”

“Ìbọn ni, Bọ̀ọ̀dá,” ni Màámi wí. “Bí ẹ bá fẹ́ ariwo, ẹ lọ yin tiyín.”

“Àṣé bó ṣe ń yìn ín nìyẹn ní gbogbo ọdún yẹn? Ẹran ò ní mọ̀ pé òun ti kú!”

Horst kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn. Màámi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀, torí mi ò tíì gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ lọ.

Ó ku ẹyọ kan, èyí tó dá dúró láàárín àwọn tó dorí kodò. Mi ò tú u. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn tó yí i ká, ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ méjì. Ẹni tó bá ní làákàyè á tú u. Òṣùwọ̀n wà nílé, òòlù wà nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó fura sí ara yín tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ dorí àwọn tó pé gan-an kodò, ẹ̀yin náà lẹ gbé ọ̀kan yìí dúró. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ẹ rí i.

Mo yíjú sẹ́yìn, mo ní kí Màámi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ná, lẹ́yìn dígí. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n jáde. Mo ní kí Horst náà bọ́ sí ẹ̀yìn. Mo ṣe ìyẹn tán, mo gbé ìbọn sí èjìká.

Ó rọra lọ. Ó dún bí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Mo fa irin náà, kòròfo jáde, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ mi, mo mú un nígbà tó ṣì gbóná. Òórùn òrí wà lára rẹ̀. Mo wo inú ìbọn, ó ṣófo. Màámi gbé fóònù wọlé padà, mo sọ fún Bàbá Olúọdẹ pé ó ti parí, sà. Wọ́n ní ó dìgbà, wọn ò sọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì pa fóònù.

Látìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń bá mi rìn. Ta ni ẹ dorí wọn kodò fún? Tí ó bá jẹ́ fún ara yín ni, ẹ̀ bá ti tú wọn. Tí ó bá jẹ́ fún Horst, kò mọ àmì yẹn. Màámi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Olúọdẹ ò mọ̀ ọ́n títí mo fi sọ fún wọn. Èèyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n láyé yìí, ọ̀kan nínú wọn ló fi téépù wé páálí náà. Mo ti gba iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, Bàbá mi. Ó pẹ́ kó tó dé, àmọ́ mo ti gbà á.

Láàárọ̀ yìí mo jókòó ti ẹ̀rọ yín láti tún àwọn tí mo tú kì. Òjé yín ni, kòròfo yín ni, ẹ̀tù ni mo wọ̀n fúnra mi. Mo ṣí ìgò tí Màámi fún mi, mo fi ìka bu òrí náà pa ọta lára. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo di ojú kan, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn dúró. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ó wá kan ọ̀kan, òórùn yẹn gbá mi nímú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ẹ ṣe máa ń fi òrí tó kù lórí ìka yín pa mí léjìká tí mo bá wẹ̀ tán. Nígbà tí ojú mi padà sórí tábìlì, ọta ti wà lẹ́nu kòròfo. Mi ò mọ̀ bóyá mo wò ó.

Mo dorí rẹ̀ kodò. Ó wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó yẹ kí n ti tú u.

Èmi ni,
ọmọ tó máa ń bá wọn bẹ̀ yín.